Ògúnléye nọ́ńbà 93: ṣé iṣẹ́ ni, àbí oríire ọdún kan?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 16, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Kóòṣì ilé ìwé wọn ní kó máa gbá ipò tí wọ́n ń pè ní defensive end, adènà tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú. Bàbá rẹ̀ fàáké kọ́rí, ó ní òun ò torí kí ọmọ òun máa forí gbárí kúrò nílé. Ni ọmọ náà bá fa orúkọ Adéwálé Ògúnléye yọ. Ó ní ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, bọ́ọ̀lù yìí ló sì fi jẹun. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kan ṣoṣo ni mo rí tí orúkọ ọ̀gbẹ́ni yẹn ròkè, 2003: sack 15. Lẹ́yìn ìyẹn, 5, 10, 6 àbọ̀. Kò gba ife ẹ̀yẹ kankan. Báwo ló tiẹ̀ ṣe parí? Ṣé irú èyí ni ká ní kí ọmọ máa wò ṣe? Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí oríire ọdún kan?

* * *

Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Mo ti ka èsì àwọn yòókù níhìn-ín, màá dá àwọn náà lóhùn. Mo ti ń wo Ògúnléye láti ìgbà tó ti wà ní Miami. Nígbà tó dé Chicago, tákísí ni mò ń wà níbí. Ọjọ́ tí mi ò bá lè wo eré rẹ̀, máa gbọ́ ọ lórí rédíò ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn: iṣẹ́ ni. Ọdún 2000 ló wọ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, ọdún 2010 ló jáde. Sack 67 ló kó jọ. Oríire ọdún kan kì í gbé èèyàn dé ibẹ̀.

Ìṣirò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ quarterback, ẹni tó máa jù ú, tí adènà kan sì gbé e ṣánlẹ̀ kó tó rí bọ́ọ̀lù jù, sack kan nìyẹn. Bí ẹni méjì bá jọ gbé e ṣubú, wọ́n á pín in ní àbọ̀ àbọ̀. Ibẹ̀ ni àbọ̀ tẹ́ ẹ rí ti wá. Ọdún 1982 ni NFL bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú ìwé wọn. Ó rọrùn láti kà, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń kà á.

Àmọ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń dẹ ìgbẹ́ níléè wa tí ọdẹ bá pọ̀. Àwọn kan á wọnú igbó lọ, wọ́n á máa lu ewé, wọ́n á máa hó yèè. Àwọn yòókù á lúgọ síbi tí ẹran máa gbà jáde. Ìbọn ẹnì kan ló máa dún, ṣùgbọ́n ẹni tó lu igbó ò ní ṣàìmú ẹran relé. Defensive end máa ń yìnbọn nígbà mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, igbó ló ń lù.

* * *

Mo rí i tí àwọn kan ń sọ pé ṣebí ẹgbẹ́ kankan ò tiẹ̀ yàn án, pé àánú ló fi wọlé. Ẹ jẹ́ ká tún ìtàn yẹn sọ dáadáa.

Brooklyn ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1977. Yunifásítì Indiana ló ti gbá bọ́ọ̀lù, sack 34 àbọ̀ ló sì ní níbẹ̀ kó tó kúrò. Lọ́dún 1999, sáà tó kẹ́yìn rẹ̀ ní yunifásítì, iṣan orúnkún rẹ̀ já. Nígbà tí NFL máa yan àwọn ọmọ tuntun ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ìpele méje ni, orúkọ 254. Tom Brady tí gbogbo ayé wá mọ̀, ẹni 199 ni. Wọ́n pe 254 tán, orúkọ Ògúnléye ò sí níbẹ̀.

Miami Dolphins gbà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí kò tíì san. Odindi sáà 2000 lọ, kò gbá eré kankan. Ní 2001, àbọ̀ sack ló ní, àbọ̀ kan péré. Ní 2002, 9 àbọ̀. Ní 2003, 15, kò sì sí ẹni tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ẹgbẹ́ AFC, ìyẹn ìdajì NFL.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ tí orúnkún já sí ọjọ́ tí orúkọ ròkè. Ọdún mẹ́rin! Ta ló ń wò ó nígbà yẹn? Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú ìfarapa yìí ní ọmọ ọdún 19, defensive end lòun náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹsẹ̀ ṣe fún oṣù mẹ́jọ. Ìrora lílọ́ orúnkún yẹn padà máa ń mú ọmọ tó wọn 240 pọ́n-ùn sunkún bí ọmọ ọwọ́. Yunifásítì rẹ̀ dá owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró lọ́dún kejì, torí pé ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n wá sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jẹ ìrẹsì àti dòdò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí títí dòní. Bí mo bá rí ẹni tó gba irú ojú ọ̀nà yẹn kọjá, tó sì dé òkè, mi ò lè pè é ní oríire.

* * *

Arákùnrin kan ní Jason Taylor, defensive end kejì ní Miami, ló ń ṣiṣẹ́, Ògúnléye ló ń jẹ èrè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Dolphins ìgbà yẹn, mo sì gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Taylor wà ní apá ọ̀tún, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń bẹ̀rù. Sack 18 àbọ̀ ló ní ní 2002. Tí alátakò bá yan ẹni méjì láti dí ẹnì kan lọ́nà, ẹnì kejì á rí ààyè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo 2003. Taylor ní 13, Ògúnléye ní 15. Ta ló ń ran ta lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn?

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ èyí kì í rántí. Ọ̀pọ̀ quarterback ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù. Bó bá ti yí ara láti jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sí ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún àwọn adènà. Ẹni yẹn á yọ sí i láìròtẹ́lẹ̀. Apá òsì ni Ògúnléye wà, ojú ẹni tó ń lé ló ń sáré bọ̀, ẹni náà ń rí i. Apá ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbé bọ́ọ̀lù sá gbà, nítorí náà kó tó ronú àtilé quarterback, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sábà máa ń wọn ju 300 pọ́n-ùn. Òun náà wọn nǹkan bí 260. Ẹ gbìyànjú láti ti fìríìjì tó ń ti èèyàn padà.

* * *

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọsẹ̀ sí.

Lẹ́yìn 15 yẹn, Ògúnléye ò padà síbi ìdánrawò Miami ní 2004. Owó tí wọ́n fẹ́ san kò bá iṣẹ́ tó ṣe mu, kò sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn olólùfẹ́ Dolphins bínú. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó gbà á nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ẹ ló ń ṣe báyìí sí. Ẹni kan nínú yín ti kọ irú rẹ̀ níhìn-ín, ó ní ẹni tó ṣe wá lóore kì í ṣe ẹni à ń gbàgbé. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀: ó lọ sí Chicago Bears, Marty Booker tó máa ń gba bọ́ọ̀lù jíjù lọ sí Miami, Chicago sì fi ààyè kan ní ìpele kẹta nínú yíyan àwọn ọmọ tuntun kún un. Bears fún un ní ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà, owó tó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ oore yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Oore kọ́ ni Miami ṣe fún un. Wọ́n ra ọjà tó lábùkù ní owó pọ́ọ́kú, ọjà náà wá dára. Ẹ jẹ́ ká sọ pé orúnkún yẹn tún já lójijì ní 2002, ṣé ẹnikẹ́ni ní Miami á máa sanwó fún un di 2010? Nínú NFL, ẹgbẹ́ lè fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ kó sì ní kí èèyàn máa lọ ilé. Owó tí wọ́n bá kọ síwájú ìwé, ẹ má kà á sí. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí pé àwọn máa san bó ti wù kó rí, ìyẹn nìkan lowó. Agbábọ́ọ̀lù tó mọ èyí, tó sì jókòó sílé lásìkò tí orúkọ rẹ̀ ń ta, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè ò ní dúró di ẹ̀yìn ọdún kó tó sọ iye tó máa tà á.

Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Miami lọ́dún yẹn: wọ́n borí nínú eré mẹ́rin, wọ́n pàdánù 12. Ricky Williams tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún wọn ló ti fẹ̀yìn tì lójijì, mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìpàṣípààrọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n adènà tó dáa ò sí ní gbogbo orígun.

* * *

Ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n: wọ́n gbìyànjú. Àwọn kan ń na “léye” yẹn bí ẹni ń fa rọ́bà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Wálé, ó parí síbẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti rí Ògúnléye gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ tí òyìnbó kan wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, nọ́ńbà 93 lábẹ́ rẹ̀. Brendon Ayanbadejo náà wà nínú ẹgbẹ́ Bears yẹn lásìkò kan náà, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Israel Idonije tí wọ́n bí ní Èkó náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, àwa tá a wà ní apá gúúsù ìlú yìí máa ń pàdé nílé ẹnì kan, a ó dáná, a ó sì wo àwọn ọmọ wa.

* * *

Ẹ jẹ́ n padà sórí 5, 10, 6 àbọ̀ tí ìyá wa kà.

Ó farapa ní 2004, sack 5 ló ní. Ní 2005, ó ní 10, ẹgbẹ́ tí kò jẹ́ kí alátakò gba àmì tó Bears kò sì sí nínú NFL lọ́dún yẹn: 202 péré ni gbogbo alátakò gba lára wọn ní odindi sáà. Ọdún 2006 tẹ́ ẹ fi 6 àbọ̀ bù ú kù yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú eré 13, wọ́n sì dé ìparí ìdíje, Super Bowl. Nígbà tó ní 15 ní Miami ńkọ́? Ẹgbẹ́ rẹ̀ ò wọ ìpele àṣekágbá rárá.

Mo rántí eré Arizona ní oṣù kẹwàá ọdún 2006. Chicago wà lẹ́yìn pẹ̀lú 20 sí òdo ní ìdajì eré. Quarterback wọn ń ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ alátakò lemọ́lemọ́. Àwọn adènà ló já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì gbé e wọlé, Devin Hester gbé ẹ̀kẹta sáré láti ibi tí wọ́n ti ta á sí i. 24 sí 23, wọ́n borí, àwọn tó ń kọlù ò sì gba touchdown kankan, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọlé. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lóru yẹn láti gbọ́ ìparí rẹ̀, èrò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà ò bínú, òun náà ń gbọ́.

Ní January ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lu New Orleans 39 sí 14 ní Soldier Field, pápá Bears. Lẹ́yìn náà, Super Bowl ní Miami, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2007. Ẹ wò ó, ìlú tó kúrò pẹ̀lú ìbínú ló padà sí. Òjò rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Hester gbé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọlé, a fò, a dàgbà, a dọmọdé. Àmọ́ Peyton Manning àti Colts rọra já wọn sílẹ̀, 29 sí 17. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ife ẹ̀yẹ, ìyá wa. Ó dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun kan tún wà nípa sáà yẹn tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀. Ọmọ tuntun kan, Mark Anderson, ní sack 12 lọ́dún yẹn. Wọ́n máa ń fi í wọlé nígbà tó bá dájú pé alátakò fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́. Ògúnléye àti Alex Brown, defensive end kejì, ló ti ń dá àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Tí ẹ bá ka sack nìkan, Anderson lọ́gá wọn. Kò tún ní ọdún tó dà bí ìyẹn mọ́ ní Chicago.

* * *

Bàbá ọmọ náà ò jẹ̀bi. Mo fẹ́ kọ èyí ketekete, torí mo rí i pé ẹ̀ ń bú u.

Ọmọ Nàìjíríà ló ṣí ayé lójú lórí ọ̀rọ̀ orí yìí. Dókítà Bennet Omalu tó kàwé ní Nsukka ló yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù NFL tó ti kú, wò ní Pittsburgh ní 2002, tó rí àrùn tí wọ́n ń pè ní CTE níbẹ̀, àrùn ọpọlọ tí ìkọlura orí léraléra ń fà. NFL kọ́kọ́ bá a jà gidi. Ní 2011, Dave Duerson tó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Bears ní sáà 1985 gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ẹni 50 ọdún. Ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ọpọlọ òun ṣe ìwádìí. Wọ́n rí àrùn náà níbẹ̀. Adènà lòun náà. Èrò Chicago ò sọ̀rọ̀ mìíràn nínú ọkọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ “Ọlọ́run á ṣọ́ ọ,” àmín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ pẹ̀lú. Ìfàyàgbáyà tó tóbi nìkan kọ́ ló ń pani lára; ìkọlura kéékèèké tí defensive end ń ní nínú gbogbo eré, ó ń jọ síra. Houston lẹ wà, òfin sì wà lẹ́yìn yín. Láti 2011, òfin Texas ní ọmọ tí wọ́n bá fura pé orí rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Kóòṣì ò lágbára láti dá a padà, dókítà ló máa fọwọ́ sí i, ẹ̀yin òbí náà á sì fọwọ́ sí i. Nínú sáà, ìdánrawò tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn tagbáratagbára ò gbọdọ̀ ju 90 ìṣẹ́jú lọ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ jókòó níbi ìdánrawò. Ẹ wo aago.

* * *

Ìyá wa tún béèrè pé báwo ló ṣe parí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lápá ìparí sáà 2009, ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà yẹn náà sì parí. Bears ò pè é padà. Julius Peppers ni wọ́n gbà ní 2010. Houston níbi tẹ́ ẹ wà yẹn ló ti gbá eré díẹ̀ tó kẹ́yìn fún Texans, ó sì dúró. Báyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń lọ, láìsí ayẹyẹ kankan. Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ sí i: ó wọ iṣẹ́ ìṣúná owó, ó di ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gba àwọn eléré ìdárayá àti òṣèré nímọ̀ràn nípa owó wọn ní báńkì UBS.

Àwọn ọmọ Yorùbá ṣì ń wọlé sí ipò yẹn. Dayo Odeyingbo ṣe iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ léṣe ní January 2021, Colts sì yàn án ní ìpele kejì lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Irú ìfarapa tó lé Ògúnléye sẹ́yìn lọ́dún 2000 ò wúwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí iṣẹ́ abẹ ti dára sí i. Boye Mafe àti Azeez Ojulari náà wọlé láti máa lé quarterback.

Tí ẹ bá fẹ́ bá kóòṣì náà sọ̀rọ̀, ẹ má béèrè bóyá ọmọ yín máa dé NFL. Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè dókítà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ eré. Ẹ béèrè bó ṣe ń kọ́ wọn láti gbé èèyàn ṣubú láìfi orí ṣáájú, kí ẹ sì ní kó ṣe é kẹ́ ẹ rí i. Bí yunifásítì kan bá wá sílé yín, ẹ fún wọn ní ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ọdún kan ni owó náà tàbí mẹ́rin, ta ló máa san owó iṣẹ́ abẹ tí orúnkún bá já, àti bóyá ọmọ náà á ṣì wà nílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí bàbá rẹ̀ sì wà níjókòó nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́.